Ọmọ ológbò igbó inú apẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ ó rà gan-an

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí iná ń jó pápá láti apá Kàbbà títí dé Ìsánlú, a máa ń rí ọmọ ológbò igbó nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkété àti ẹran ìgbẹ́ mìíràn. Àwòrán wọn tún ń kiri lórí WhatsApp. Ẹni tó ń tà á á ní ó máa pa eku, ó sì máa mọ olówó rẹ̀ bí ajá. Nínú máàkì 5, a fún un ní 1, nítorí eku tó mọ̀ ọ́n pa nìkan.

Kẹ́ ẹ tó béèrè èló ni, ẹ mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ẹran mẹ́rin ni wọ́n sábà ń pè ní ológbò igbó, méjì péré ló jẹ́ ológbò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ajá, tí dúdú yí ojú rẹ̀ ká, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dìde, ẹtà ni. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ìrù rẹ̀ gùn tó ara rẹ̀, tó sì ní òrùka òrùka, genet ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ìdílé ológbò rárá. Serval ní ẹsẹ̀ gàgàrà, orí kékeré, etí ńlá tó dúró ṣánṣán, àmì funfun kan wà lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan. Tó bá dàgbà, ó lè wọn kílò 8 sí 18, kí èjìká rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ìkẹrin ló ṣòro láti dá mọ̀: àwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ gígùn díẹ̀, ẹ̀yìn etí tó pọ́n, ìrù olórùka tí orí rẹ̀ dúdú. Felis lybica ni àwọn onímọ̀ ń pè é, òun sì ni baba ńlá ológbò ilé gbogbo.

Àwọn tó ń tà á máa ń fi ìyẹn polówó. Òótọ́ ni. Ní erékùṣù Kípírọ́sì, wọ́n hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹnì kan lọ mú ọmọ kan nínú igbó ni ológbò fi di ará ilé. Eku ló kọ́kọ́ wá sí ibi tí ọkà wà. Ológbò tẹ̀ lé eku. Èyí tí kò bẹ̀rù ènìyàn púpọ̀ dúró, ó bímọ síbẹ̀, èyí tí ẹ̀rù ń bà padà. Ìran dé ìran ni. Ẹni tó bá ti fi adìẹ sàba ẹyin àparò rí mọ ìyókù: wọ́n á pa, wọ́n á tẹ̀ lé ìyá adìẹ kiri àgbàlá, ọjọ́ tí ìyẹ́ wọn bá gún, wọ́n di igbó.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń tan ènìyàn jẹ. Ọmọ serval á máa ṣeré, á máa sùn lé ẹsẹ̀ ẹni. Nínú igbó, bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni yóò ti máa dá ṣọdẹ, tí ìyá rẹ̀ yóò sì lé e lọ wá ilẹ̀ tirẹ̀. Tó bá dàgbà tán nínú ilé, ilé yín ni yóò sọ di ilẹ̀ yẹn: á kọ ẹ̀yìn sí ògiri, á na ìrù sókè, ìrù á máa gbọ̀n rìrì, ìtọ̀ á sì tú lu ògiri, àga, àpò gàrí, ohun gbogbo tó bá wà ní gíga orúnkún. Òórùn rẹ̀ máa ń wọ inú sìmẹ́ńtì, omi ọṣẹ kì í mú un kúrò. Bí dókítà ẹran bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó lè dín kù, kò dájú pé yóò tán. Kó tó bu ènìyàn jẹ, ó máa ń kìlọ̀. Etí á lẹ̀ mọ́ orí, ẹyinjú dúdú á fẹ̀, ẹnu á là, èémí á máa jáde ṣìì bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Àgbàlagbà á fà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tó ń sọ.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú kò gbọ́dọ̀ mu mílíìkì alágolo: ṣúgà inú wàrà màlúù kì í dà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á sì tètè gbẹ omi ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí ọmọ ènìyàn kẹ́ ẹ tó fún un ní wàrà, wàrà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ; àyà ni kó dùbúlẹ̀ lé, kó gbé orí sókè díẹ̀, bó ṣe ń ṣe nídìí ọmú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran tí kò ní egungun ni ewu tó kàn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú irú ẹran bẹ́ẹ̀ fi bí ìlọ́po 15 ju kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, ara ọmọ ológbò sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ara á wá máa yọ kálísíọ́ọ̀mù nínú egungun ara rẹ̀: ẹsẹ̀ á wọ́, yóò fò láti orí àga, egungun itan á kán. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti oúnjẹ ajá kò ní taurine tó, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú ẹran. Ara ológbò kò lè ṣe é tó fúnra rẹ̀, bó bá sì ṣaláìní in pẹ́, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀, ojú rẹ̀ á fọ́. Odindi ẹran ló tọ́ sí i, eku tàbí òròmọdìẹ, tẹgungun tìfun. Àgbà serval lè jẹ bíi kílò kan lójúmọ́, ó sì lè gbé tó ọdún 20 lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ilé adìẹ kò lè gbà á. Ó ń fò ju mítà méjì lọ sókè, nítorí náà ọgbà tí kò ní òrùlé kì í ṣe ọgbà. Kí wáyà rẹ̀ nípọn, kó wọ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ilẹ̀kùn sì jẹ́ méjì, kí a ti ọ̀kan kí a tó ṣí èkejì.

Bó bá bu ènìyàn jẹ tàbí ó ha á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kì í ṣe ata, kì í ṣe òrí, kì í ṣe epo ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbà á tán. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, a kì í sábà rí ẹni tó yè é. Ẹranko igbó lè ní in kó má tíì hàn lójú rẹ̀.

Àwọn tó wà lókè òkun máa ń fi àwòrán Savannah ránṣẹ́ sílé, èyí tí serval àti ológbò ilé bí. Ní 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ bí i ní Amẹ́ríkà. Ìran àkọ́kọ́ àti ìkejì ṣì ní ìwà serval púpọ̀, a kò sì gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn. Ìran karùn-ún lọ sókè ti sún mọ́ ológbò ilé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ.

Òfin náà ń bẹ. Nàìjíríà ti wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, láti 1974, gbogbo ológbò igbó ló sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin tiwa ti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ló dúró fún un níbí. Àwọn kan máa ń sọ pé àánú ọmọ náà ló ṣe àwọn tí àwọn fi rà á. Àánú náà yé wa, ṣùgbọ́n owó yẹn ni yóò rán ẹni tó tà á padà sínú pápá lọ wá òmíràn.

Bó bá jẹ́ eku inú àká tàbí inú yàrá àpò kajú ni ìdààmú yín, ẹ gba ológbò ilé, 4 nínú 5. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 sókè ni kẹ́ ẹ mú, láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń pa eku. Méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà sàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fún wọn lóògùn aràn, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran gún wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta, kó sì tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, kí wọ́n má bàa bí kún ilé. Ẹ bọ ẹja ṣàwá kẹ́ ẹ tó fún wọn. Ní tútù, ó ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, hóró paracetamol kan ṣoṣo sì lè pa á. Ẹni tó bá ń fi òògùn eku sílẹ̀ nínú ilé kó má tíì gba ológbò, nítorí eku tó jẹ òògùn náà ni yóò jẹ. Máàkì kan tí a yọ, òròmọdìẹ ló fà á: ẹ fi wáyà bo wọn títí ìyẹ́ wọn á fi gún.

Bí ẹ bá ń ṣán oko, tí ẹ bá ọmọ ológbò igbó nínú koríko, ìyá rẹ̀ kò jù ú nù, ọdẹ ló lọ ṣe. Ẹ mú ajá yín kúrò, kẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì oko títí di ọjọ́ kejì. Ìyá náà máa ń fi ẹnu gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ síbòmíràn. Bó bá jẹ́ pé iná ń bọ̀, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ọwọ́, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ gbé e dé ibi koríko tí iná kò ní dé, tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní yọjú bí ènìyàn bá ṣì dúró tì í.