Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ ń gbèrò láti fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó yín lé oníṣòwò kankan lọ́wọ́ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Wáyà tí wọ́n pè ní bàbà fún mi kì í ṣe bàbà. Alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò lára.

Ìgbógbó ni ilé wa wà. Nítorí pé Wi-Fi kò la ògiri kọjá dé yàrá ẹ̀yìn tí ọmọbìnrin mi ti ń kàwé lórí kọ̀ǹpútà, mo pinnu láti fa wáyà dé gbogbo yàrá, kí n sì fa ọ̀kan lọ sí kámẹ́rà ẹnu géètì. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, mo béèrè Cat6, irú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ketekete, pé bàbà gidi ni mo fẹ́. Ọmọkùnrin tí ó ń tajà fi ọwọ́ lu páálí náà, ó ní, "Dádì, bàbà pọ́ńbélé ni, mítà 305 ló sì wà nínú rẹ̀." Mo ka ₦98,000 fún un. Ó dúpẹ́, ó kí mi kú ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó ṣe!

A gbẹ́ ògiri, a ri páípù, a fa wáyà, a rẹ́ ògiri padà, a sì kùn ún lọ́dà. Kò pé oṣù kan tí wàhálà fi dé. Íntánẹ́ẹ̀tì yàrá ẹ̀yìn, tí switch, àpótí tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sí wáyà kọ̀ọ̀kan, ń fi eré 1000 (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) hàn fún tẹ́lẹ̀, já wálẹ̀ sí 100. Kámẹ́rà ẹnu géètì, tí wáyà náà ń gbé iná fún, ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná tí ó fi ń ríran lóru sì tàn, yóò kú pátápátá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: ilé iṣẹ́ tí ó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ pè, mo sì jágbe mọ́ ọmọbìnrin tí ó gbé fóònù, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí ó bá wa fa wáyà ni ó padà wá tú orí wáyà náà, tí ó sì fi abẹ fá ọ̀kan nínú fọ́nrán mẹ́jọ inú rẹ̀. Lábẹ́ àwọ̀ pupa náà, ó funfun bíi ṣíbí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kán. Ó ṣàlàyé pé fọ́nrán mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni 1000 ń lò, pé 100 kò lò ju mẹ́rin lọ, àti pé èyí tí ó kán lórí ni ó fa eré náà wálẹ̀. A wo nọ́ńbà mítà tí wọ́n tẹ̀ sára wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 232 ni a bá. Mítà 73 ni wọ́n tún jẹ mọ́ mi lọ́wọ́!

Mo padà lọ. "Ẹ ti gé e, Dádì," ni ó wí, "a kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti gé padà." Nínú rìsíìtì, "wáyà kan" péré ni ó kọ. Mo gbà pé mo jẹ̀bi, nítorí n kò ka rìsíìtì náà kí n tó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe mọ ohun tí ó wà nínú páálí tí wọ́n dì pa, tí wọn kò sì jẹ́ kí n tú? Ẹni tí mo bi léèrè ọjà, tí mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ fún ní òótọ́, ni ó parọ́ fún mi lójú. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn ní àdúgbò náà, páálí kan náà ni wọ́n gbé jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Gbogbo wọn ni ó mọ̀. N kò gbẹ́kẹ̀ lé oníṣòwò wáyà kankan mọ́.

Ẹ ní kí wọ́n tú páálí níwájú yín, kí ẹ mú abẹ dání. Bàbà gidi pupa dé inú. Bí ẹ bá rí CCA lára wáyà, ẹ fi í sílẹ̀, àmì alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ "bàbà gidi" sínú rìsíìtì, kí ẹ sì dán wáyà kọ̀ọ̀kan wò kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri.

Èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ tèmi lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, bí rìsíìtì mi tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Inú ògiri ni wáyà náà ṣì wà, bíríkìlà sì ti ní òun kò lè tún un gbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.