Ibi tí wọ́n ti béèrè inú àbúrò mi kí wọ́n tó béèrè ọrùn rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́ni tó ní Tourette nílé, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú kí ara èèyàn ṣàdédé já tàbí kí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀ láìfẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Àbúrò mi ti pé ọdún 19, àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 7 lọrùn rẹ̀ ti máa ń ṣàdédé já sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún máa ṣe "hẹn, hẹn" lọ́nà ọ̀fun. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ fún un ní oògùn haloperidol kí ọrùn lè rọlẹ̀, ọrùn rọlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ọmọ ń sùn ṣáá, kì í jáde mọ́, kò gẹrun fún oṣù mẹ́rin torí ẹ̀rù klípà ń bà á, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò sì bi í pé inú rẹ̀ ńkọ́.

Ọ̀dọ̀ saikolójíìsì tá a wá lọ n'Ìbàdàn yìí, kí màmá yẹn tó mẹ́nu ba ọrùn ló ti gbé ìwé ìbéèrè 9 síwájú rẹ̀, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń wo ìsoríkọ́, oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ìkẹyìn wá ni bóyá ó ń rò ó pé ó sàn kóun kú. Àbúrò mi dá bírò dúró níbẹ̀, ó pẹ́, ó wá sàmì sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ara mi tutù. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé o.

Màmá ò pariwo, kò wàásù. Ó bi í bóyá ó ti pinnu bó ṣe fẹ́ ṣe é, ó ní kí oògùn máa wà lọ́wọ́ ìyá wa, ó kọ lẹ́tà sí dókítà kí wọ́n tún oògùn náà yẹ̀ wò, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o. Ó ṣàlàyé pé ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní Tourette, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ayé.

Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ CBIT, ìtọ́jú tí kì í ṣe oògùn tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa kápá jíjá yẹn, ìgbà 8 láàárín ọ̀sẹ̀ 10. Tí ọrùn bá ti ń yún un nínú bíi pé ó fẹ́ já, á rọra fa àgbọ̀n wọlé, á mú un le díẹ̀ títí ìyún yẹn á fi lọ. Màmá sọ fún wa lójú ẹsẹ̀ pé CBIT ò ní pa jíjá ọrùn náà rẹ́ tán.

Owó ọ̀hún wọ́n gan-an, a sì máa ń jókòó dúró bíi wákàtí méjì, ìyẹn ni mo ṣe fún wọn ní 4 nínú 5.

Sátidé tó kọjá ó dá lọ sọ́dọ̀ bábà. Ọrùn já lẹ́ẹ̀mejì, bábà gbé klípà sókè, ó dúró, ó tún ń gẹ̀ ẹ́ lọ.