Kọ́là, hánẹ́ẹ̀sì tàbí ìjánu orí: èwo ni kí ẹ rà fún ajá tó ń fa okùn?

Ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí wọ́n ń tà fún mímú ajá rìn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní jẹ́ kí ajá fà mọ́. Kí ẹ tó náwó sí ìkankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ohun kan sọ́kàn: ajá ń fà nítorí pé fífà ń mú èrè wá fún un. Ìrìn rẹ̀ yá ju tiwa lọ, òórùn tó ń wù ú wà níwájú, ó fà, a tẹ̀ lé e, ó sì dé ibi tó ń lọ. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, fífà á di bárakú fún un. Nítorí náà, ẹni tó di okùn mú ló ń kọ́ ajá, kì í ṣe ohun tí ajá wọ̀. Iṣẹ́ ohun èlò ni láti dín agbára fífà náà kù, láìpa ajá lára, títí ẹ̀kọ́ yóò fi yé e. Ojú yìí ni mo fi wo gbogbo wọn.

Kọ́là pẹlẹbẹ, ìyẹn bẹ́líìtì tí ajá ń wọ̀ sọ́rùn, wúlò fún ajá tó ti mọ ìrìn, ó sì dára láti so àmì orúkọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń fà, orí ọ̀nà ọ̀fun ni gbogbo agbára náà ń bọ́ sí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé ìfúnpá inú ẹyinjú ajá máa ń ga sí i nígbà tó bá ń fa kọ́là, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń fa hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìdè tó yí àyà àti ẹ̀yìn ajá ká. Àwọn ajá kéékèèké bíi Yorkshire Terrier, Pomeranian àti Chihuahua, tí ọ̀nà èémí wọn tètè máa ń yọnu, àti àwọn onímú pẹlẹbẹ bíi Pug àti Bulldog, kò yẹ kí a so okùn mọ́ ọrùn wọn rárá nígbà tí a bá ń kọ́ wọn.

Ẹ̀wọ̀n tó ń fún ọrùn àti kọ́là onírin ṣóńṣó kò sí lára ohun tí mo lè gbà yín níyànjú láti rà. Òótọ́ ni pé ìrora lè dá ajá dúró, ṣùgbọ́n bí ìrora náà bá dé ní gbogbo ìgbà tí ajá rí ajá mìíràn, ó lè gbà pé ajá kejì ló fa ìrora, kí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mọ́ ọn tìbínú-tìbínú. AVSAB, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwà ẹranko, sọ nínú ìpinnu tí wọ́n gbé jáde ní 2021 pé èrè ni kí a máa fi kọ́ gbogbo ajá.

Hánẹ́ẹ̀sì tí ìkọ́ rẹ̀, ibi tí a ń so okùn mọ́, wà ní ẹ̀yìn rọrùn láti wọ̀, kò sì ni ọ̀fun lára. Àmọ́ ó ń jẹ́ kí ajá fi gbogbo àyà rẹ̀ fà, ìlànà kan náà tí wọ́n fi ń di ìdè fún àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín.

Ìjánu orí, ìdè tó yí imú àti ẹ̀yìn orí ajá ká, ló lágbára jù nínú gbogbo wọn. Bí ti ẹṣin, ibi tí orí bá yí sí ni ara ń tẹ̀ lé, nítorí náà ẹni tí kò sanra lè mú ajá ńlá rìn láìwọ́ nílẹ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ lágbára jù ú lọ kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ láìgbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n sùúrù ni owó orí rẹ̀: ọ̀pọ̀ ajá ń fi ẹsẹ̀ họ imú, wọ́n ń fi ojú ra ilẹ̀, a sì ní láti fi ìpápánu mú un mọ́ wọn lára díẹ̀díẹ̀ kí a tó jáde. Kò ṣeé wọ̀ fún ajá onímú pẹlẹbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ bá okùn gígùn lọ, torí bí ajá bá sáré dé òpin okùn, ọrùn ni yóò lọ́. Ẹ má sì fa okùn náà lójijì.

Hánẹ́ẹ̀sì tí ìkọ́ rẹ̀ wà ní iwájú àyà ni mo ń lò. Bí ajá bá fà, okùn á yí i sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó jẹ́ kí ó máa lọ tààrà, nípa bẹ́ẹ̀ fífà kò mú un dé ibi tó ń lọ mọ́, kò sì sí ohun tó ń dùn ún. Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò nínú rẹ̀ ni bó ṣe bá ara mu, ó sì yẹ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní bẹ́líìtì kan tó gba iwájú èjìká kọjá ní ìbú. Bí ajá bá gbé ẹsẹ̀, bẹ́líìtì náà ń dí èjìká lọ́wọ́. Bó bá fà, gbogbo rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa ra ìdí ẹsẹ̀ iwájú. Kò pẹ́ tí irun ibẹ̀ fi re, tí awọ sì pọ́n, a sì dá ìrìn dúró títí ó fi jinná. Ẹ̀kọ́ tó ti ń wọlé tún padà sẹ́yìn, owó náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ra hánẹ́ẹ̀sì nípa ìwúwo ajá tàbí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ìyípo àyà níbi tó gbòòrò jù, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ yan èyí tí bẹ́líìtì iwájú rẹ̀ rí bí lẹ́tà Y, tó fi èjìká sílẹ̀ kí ó máa rìn fàlàlà, tí bẹ́líìtì ìhà sì jìnnà díẹ̀ sí abíyá. Ìka méjì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan; bí ó bá gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá lè fà sẹ́yìn kí ó yọ nínú rẹ̀ lójú pópó, èyí tó léwu ju fífà lọ. Ẹ dán an wò nílé: ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ rọra fa okùn sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ wo bóyá èjìká rẹ̀ ń yọ. Ọmọ ajá ń dàgbà, nítorí náà ẹ máa tún un wọ̀n. Bí hánẹ́ẹ̀sì náà bá ní ìkọ́ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ó dára sí i, torí ẹ lè bọ́ sí ti ẹ̀yìn nígbà tí ajá bá ti mọ ìrìn.

Ní ti okùn, ẹ ra èyí tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà, láti mítà 1.2 sí mítà 1.8. Èyí tó ń ká ara rẹ̀ wọ inú ìdìmú máa ń fa kọ́là tàbí hánẹ́ẹ̀sì díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó sì ń kọ́ ajá pé bó bá fà, okùn á gùn sí i, òdìkejì gan-an ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Awọ rọrùn fún àtẹ́lẹwọ́ ju náílọ́ọ̀nù lọ.

Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé níbi tí kò sí ìdíwọ́, ẹ máa fún un ní ìpápánu kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yín nígbà tí okùn bá dẹ̀. Bí okùn bá le, ẹ dúró. Bí ó bá dẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú. Bí dídúró kò bá tó, ẹ yí padà kí ẹ sì pè é. Gbígbọ́ òórùn náà lè jẹ́ èrè, ẹ jẹ́ kí ó lọ gbọ́ ọ nígbà tó bá rìn dáadáa dé ibẹ̀. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà yìí, torí ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí ó fà lè ba iṣẹ́ àwọn yòókù jẹ́.

Bí ajá yín bá lágbára jù yín lọ, tí ìṣubú sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ ra ìjánu orí. Bí ó bá ti mọ ìrìn, kọ́là tàbí hánẹ́ẹ̀sì onìkọ́ ẹ̀yìn tó. Fún ìyókù, tí wọ́n pọ̀ jù, hánẹ́ẹ̀sì onìkọ́ iwájú tó rí bí Y ni kí owó yín lọ bá. Kí ẹ tó yọ àmì ìtajà ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ajá wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé díẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ abíyá rẹ̀ dáadáa, kí ẹ lè dá a padà bí kò bá bá a mu.