Ọ̀nà Méjì Tí Àwọn Òǹwòran Fi Ń Kọ Ìwòsàn Bucky Barnes
Láti ìgbà tí fíìmù Captain America kejì ti jáde ní ọdún 2014 ni àwọn òǹwòran ti ń kọ ìtàn tiwọn nípa Bucky Barnes, ọmọ ogun tí ẹgbẹ́ Hydra pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sì sọ di apànìyàn. Nínú irú kan, bí Steve Rogers, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá ti dì mọ́ ọn, àlá burúkú dópin. Ìyẹn tuni nínú. Irú kejì ni mo gbà gbọ́: níbẹ̀, Bucky kò lè sùn lórí ibùsùn rírọ̀, ara rẹ̀ yá lónìí, ó tún wó lọ́la, títí ó fi di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yan oúnjẹ tí yóò jẹ, ohun tí ó tóbi gan-an lójú ẹni tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.