Ẹ wo lẹ́tà karùn-ún àti ìkẹfà nínú SWIFT code, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ báǹkì tá a fi ń fowó ránṣẹ́ sókè òkun, kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ o!

Ẹ̀yin tá a jọ ń ra ọjà láti Ṣáínà, ẹ dákun ẹ gbọ́. 4,800 dọ́là! Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tó ṣì ku oṣù márùn-ún tí màá fi dá a, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e fún olè.

Ẹni tó ń ta maṣíìnì mónógíráàmù ní Guangzhou ni, mo ti rajà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọjà sì dé Balógun láìsí wàhálà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó fi invoice ránṣẹ́, ilẹ̀ mọ́, òmíràn tún wọlé lórí WhatsApp, ó ní wọ́n ń ṣe ọ́díìtì fún àkáǹtì àwọn, kí n má sanwó síbẹ̀ mọ́, kí n san án sí àkáǹtì tuntun tó wà nínú ẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa kan náà, orúkọ kan náà, iye maṣíìnì kan náà! Mo gbé e lọ sí báǹkì ní Broad Street, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Pólàǹdì ni wọ́n wà ni?" Mo ní, "Ṣáínà ni jàre, bá mi fi ránṣẹ́." Ó bi mí o! Ó bi mí! Ẹ má sọ pé mi ò ṣọ́ra, ta ló jókòó sọ ìtumọ̀ code yẹn fún wa rí?

Ìgbà tí owó ti lọ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ń ṣàlàyé pé lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì, méjì tó tẹ̀lé e dúró fún orílẹ̀-èdè: CN ni Ṣáínà, HK ni Hong Kong tí àwọn ará Guangzhou míì náà ń lò, NG ni tiwa. PL ló wà nínú tèmi, PL gbàǹgbà! Ojú mi ríran, mi ò rí i.

Báǹkì kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà, èsì tó wá ni pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì yẹn. Oníṣòwò náà ní wọ́n já WhatsApp òun gbà ni, òun ò rí kọ́bọ̀. Irọ́! Báwo lolè ṣe mọ iye maṣíìnì tí mo fẹ́? Mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́, títí kan àwọn tó ń báni sanwó ní Ìdúmọ̀tà.

Bí àkáǹtì bá yí padà, nọ́mbà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi pè wọ́n, kẹ́ ẹ rójú wọn. Bówó bá ti lọ, ẹ sáré dé báǹkì lọ́jọ́ náà gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ni ìtìjú fi dá mi dúró sílé. Ìyá alájọ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mi ò lè gbé e.