Sola Busca: Káàdì Tarot fún Ẹni tó Ti Pẹ́ Nídìí Rẹ̀

N kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tarot, ìyẹn káàdì aláwòrán tí a fi ń woṣẹ́, nímọ̀ràn láti fi Sola Busca, ẹ̀yà rẹ̀ àtijọ́ kan tí mo ra ẹ̀dà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Òṣùpá, Oòrùn tàbí Ikú, àwọn káàdì inú tarot tó wọ́pọ̀, kò ní bá wọn níbẹ̀, nítorí pé àwọn jagunjagun àti ọba ayé àtijọ́ ló gba orí káàdì àgbà 22 náà, láti orí Panfilio, Nerone àti Catone títí dé orí Nabuchodenasor, ìyẹn Nebukadinésárì inú Bíbélì. Mato, òmùgọ̀ tó jẹ́ òdo, nìkan ni ojú wa tètè mọ̀.

Bàbà ni wọ́n fín àwòrán wọ̀nyí sí ní Ítálì ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní ọ̀dà, tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ìdílé tó ni ín tẹ́lẹ̀, ni ìjọba Ítálì rà ní 2009, tó sì wà ní Pinacoteca di Brera, ilé àfihàn àwòrán kan ní Milan. Òun ni tarot oníkáàdì 78 tó pé pérépéré tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tó ṣẹ́kù sáyé.

Káàdì kékeré 56 ló gbà mí lọ́kàn jù. Wo Idà Mẹ́ta: ọkàn kan ṣoṣo, idà mẹ́ta gún un ní àgúnyọ. Wo Idà Mẹ́wàá: ọkùnrin kan tẹ̀ ba sábẹ́ ẹrù idà tó kó mọ́ra. Ẹni tó bá mọ káàdì tí Pamela Colman Smith yà, tó jáde ní 1909, yóò rí i pé Idà Mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àti pé ẹlẹ́rù yẹn ti di Ọ̀pá Mẹ́wàá.

Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀dà tí mo rà wá ló bà mí nínú jẹ́, nítorí pé ìtumọ̀ Òṣùpá ni wọ́n kàn gbé lé Lentulo lórí, torí pé nọ́ńbà 18 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ṣe ń ka káàdì yìí. Nerone ni káàdì 8, ó sì di ọmọ ọwọ́ mú lókè iná. Bí mo bá fi ìtumọ̀ Agbára tàbí ti Ìdájọ́ Òdodo, tí wọ́n máa ń jẹ́ 8 nínú tarot mìíràn, kà á, irọ́ ni mo ń pa fún ẹni tó jókòó níwájú mi. Ojú ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ sì mọ ìtàn ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rá tí wọ́n fi bo káàdì náà ń yọ̀ jù, ó sì máa ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ ìlà fífín náà dáadáa, débi pé mo lè ka orúkọ orí káàdì kọ̀ọ̀kan láìlo awò. Bí ẹ bá ń kó káàdì jọ, ẹ rà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi woṣẹ́, ẹ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nínú páálí.