The Pilgrim's Progress: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tí nófẹ́ẹ̀lì onígbàgbọ́ ti sú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé nófẹ́ẹ̀lì onígbàgbọ́ wo ló dáa tí kì í ṣe ìwàásù lásán, mo ti rí ọ̀kan fún yín, ó kàn jẹ́ pé ó ti dàgbà díẹ̀ ni, 1678 ni wọ́n tẹ apá kìíní ẹ̀ jáde. The Pilgrim's Progress ti John Bunyan ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń yínmú báyìí, wọ́n á ní ìwé Sọ́ńdè sùkúù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Mo ti ka nófẹ́ẹ̀lì onígbàgbọ́ tó pọ̀, tàwọn ará Amẹ́ríkà àti tiwa níbí, ohun tó sì ń bí mi nínú nípa ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé ayọ̀ inú wọn yá jù: omidan ò tíì rọ́kọ, ó gbààwẹ̀, tó bá fi máa di orí kejìlá ọkọ ti dé, ọkọ náà ga, ó pupa, ó tún níṣẹ́ ọ́ílì. Tẹ́ni tó ń kà á bá wá gbé ìwé sílẹ̀ tí lándílọ́ọ̀dù ń kanlẹ̀kùn, kí ló fẹ́ fi irú ìrètí yẹn ṣe?

Ìwé yìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìdí tí mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí nìyẹn.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè rí i ni ká kọ́kọ́ sọ. Ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fáìlì ẹ̀ kéré, ẹ kàn máa dáúnlóòdù ẹ̀ sórí fóònù, kò ní jẹ dátà. Mo ti kọ́kọ́ ra ti bébà o, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ò dáa, kí n tó dé ìdajì ewé ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti gé apá kejì kúrò nínú ẹ̀ láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tójú ń dùn tàbí tí ò fẹ́ràn ìwé kíkà, ẹ lọ sí LibriVox, àwọn èèyàn ti kà á sókè níbẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó sì wà ní Yorùbá láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni wọ́n ń pè é, David Hinderer ló túmọ̀ ẹ̀, òyìnbó Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì fún CMS (Church Missionary Society) n'Íbàdàn. Òun àtìyàwó ẹ̀ Anna dé Ìbàdàn ní 1853, ogun Ìjàyè sì bá wọn níbẹ̀, ọ̀nà dí, oúnjẹ di wàhálà. Ẹni tó túmọ̀ ìwé yìí fún wa kò kàn ka ìyà nínú ìwé, ó jẹ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú ọjà Igbọ́nà níbí l'Óṣogbo, tọ́jà bá ti dá lọ́sàn-án ni mo máa ń kà á, mo á máa tú u sí Yorùbá fún Alhaja tí wọ́n ń ta àǹkárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alhaja ò bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà ò tíì dé ìta tán tí wọ́n á ti ní, "Màmá Ìbejì, ọkùnrin ẹlẹ́rù yẹn ńkọ́, ó ti débo?"

Ọkùnrin ẹlẹ́rù ni Christian. Ẹrù wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ò lè sọ̀, ó ka ìwé kan, ó rí i pé ìlú òun máa jóná, ó ní kí ìyàwó àtàwọn ọmọ jẹ́ káwọn lọ, wọ́n kọ̀, ló bá kìka bọtí ó sá lọ. Alhaja ò fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn rárá. "Ó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú ìlú tó fẹ́ jóná? Irú ọkọ wo nìyẹn?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé àpèjúwe ni, wọ́n ní àpèjúwe tàbí àpèjúwe kọ́, kó padà wá gbé wọn. Ká sòótọ́, Alhaja ò parọ́, àfìgbà tí mo dé apá kejì tó jáde ní 1684 ni ọkàn mi tó balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ìyàwó yẹn, Christiana, àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ni gbogbo apá kejì.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi dúró ronú rèé. Ẹrù yẹn já bọ́ lẹ́yìn ẹ̀ nídìí àgbélébùú, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta fún ayọ̀, ó ń kọrin lọ. Tó bá jẹ́ nófẹ́ẹ̀lì ìsinsìnyí, ibẹ̀ ni wọ́n á parí ẹ̀ sí, wọ́n á fi ìgbéyàwó kún un. Ṣùgbọ́n kò tíì lọ jìnnà nígbà yẹn o! Òkè Ìṣòro wà níwájú, àwọn kìnnìún wà níwájú, Apollyon, ẹ̀mí èṣù kan, wà níwájú, wọ́n sì máa dáná sun ọ̀rẹ́ ẹ̀ Faithful ní Ọjà Asán. Ayọ̀ ló ṣáájú, wàhálà ló tẹ̀ lé e. Èmi ò rí ìwé mìíràn tó to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èyí tí mo ti ń kà, wàhálà ló máa ń ṣáájú tí ayọ̀ á wá dà bí owó oṣù tí wọ́n san lẹ́yìn iṣẹ́.

Ibi tí Hopeful ti jáde wá náà, ẹ wò ó. Orúkọ ẹ̀ ti sọ ẹni tó jẹ́, ọ̀gbẹ́ni Onírètí. Ìgbà tí wọ́n pa Faithful tán nínú ọjà yẹn lòun tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ wo bí Faithful ṣe kú, tó wo bó ṣe fara dà á, ló bá dìde tẹ̀ lé Christian. Bunyan ò wàásù kankan lé e lórí, ó kàn gbé e síbẹ̀.

Wàyí o, ilé olódi Iyèméjì. Tẹ́ ò bá ní ka ìyókù, ẹ ṣáà ka ibẹ̀. Ọ̀nà le lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n rí pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tutù, wọ́n yà síbẹ̀, òjò dé, ilẹ̀ ṣú, wọ́n sùn, Òmìrán Àìnírètí wá bá wọn lórí ilẹ̀ ẹ̀ ó sì kó wọn tì mọ́lé, láti àárọ̀ Ọjọ́rú di alẹ́ Sátidé, kò sí búrẹ́dì, kò sí omi, kò síná. Òmìrán yìí níyàwó, tó bá dalẹ́ tí wọ́n bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni ìyàwó á máa kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é: lọ nà wọ́n láàárọ̀, sọ fún wọn pé kí wọ́n para wọn, fi egungun àwọn tó o ti pa hàn wọ́n. Alhaja rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn mọ tọkọtaya tó ń ṣe báyẹn ládùúgbò àwọn. Òmìrán náà tún ní àìsàn kan, tí oòrùn bá ti ràn dáadáa, gìrì á gbé e, ọwọ́ ẹ̀ á kú fúngbà díẹ̀. Òmìrán Àìnírètí tí oòrùn ń dá dùbúlẹ̀! Ẹni tó ro ibẹ̀ yẹn mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn.

Christian ti fẹ́ gbà pé ikú sàn jù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Hopeful sọ, kò sọ pé ìṣẹ́gun ti dé, kò ní kí wọ́n máa "kéde" nǹkan kan. Ó ní ta ló mọ̀, bóyá Ọlọ́run máa jẹ́ kí òmìrán yìí kú, tàbí kó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, tàbí kí gìrì tún gbé e lójú wa, ẹ jẹ́ ká ṣáà fara dà á díẹ̀ sí i. Ìrètí kékeré, ìrètí tó ń bá "bóyá" rìn. Mo ka ibẹ̀ ní ìgbà kan tí ọjà ò lọ rárá, tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé èyí ni mo lè gbà, èmi tí mi ò lè pariwo ìṣẹ́gun lọ́jọ́ yẹn. Láàárín òru Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó kù díẹ̀ kílẹ̀ mọ́ ni Christian rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà láyà òun tó ń jẹ́ Ìlérí. Ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ ti gẹ́ẹ̀tì onírin ìta le gan-an kó tó yí.

Ẹni tó kọ ọ́ mọ gẹ́ẹ̀tì onírin dáadáa. Ẹni tó ń tún ìkòkò àti páànù ṣe ni Bunyan, wọ́n tì í mọ́lé ní Bedford láti 1660 di 1672 torí ó ń wàásù láìgbàyọ̀ǹda, ó ń ṣe okùn bàtà nínú ẹ̀wọ̀n kí ìyàwó àtàwọn ọmọ lè jẹun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Mary, ò ríran.

Odò ìkẹyìn náà, èyí tí wọ́n máa là kọjá kí wọ́n tó wọ ìlú ọ̀run, pa mí lára. Wọ́n sọ fún wọn pé odò yẹn á jìn tàbí kó má jìn bí ìgbàgbọ́ wọn nínú Ọba ibẹ̀ bá ṣe rí, àwa ará ìlú Ọ̀ṣun ò sì nílò kẹ́nì kan ṣàlàyé omi tó ń kún fún wa. Christian, akọni ìwé látòkè délẹ̀, ló ń rì. Hopeful ló ń gbé orí ẹ̀ sókè, tó ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ òun ti kan ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà sì dáa. Nínú apá kejì wàyí, Mr. Fearing tẹ́rù ti ń bà láti ilé, tó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà bí ewé, ọjọ́ tóun débẹ̀ omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù, Alhaja rò pé wọ́n ti jí fóònù mi ni.

Ayọ̀ tó pọ̀ jù náà wà lápá kejì. Great-heart, ẹni tó ń sin Christiana àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ́nà, pa Òmìrán Àìnírètí yẹn, ọjọ́ méje ni wọ́n fi wó ilé ẹ̀, wọ́n bá ọmọbìnrin kan nínú ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ tó ń jẹ́ Much-Afraid, orúkọ lásán ti tó fún ẹ̀rù. Christiana gbé ohun èlò orin, Mercy tó ń bá a rìn gbé tiẹ̀, ọkùnrin arọ kan tó ń fọ̀pá rìn fa ọmọ yẹn lọ́wọ́, wọ́n jó lójú títì, òun ṣì di ọ̀pá kan mú lọ́wọ́ kan.

Ohun tí ò dáa: àwọn ìjíròrò gígùn. Ó tó ibi kan, pàápàá bí ẹni tó ń jẹ́ Talkative bá ti dé, ẹ̀kọ́ ìsìn gidi ni wọ́n ń fà síra wọn lójú ewé lójú ewé, mo fò ó, kò sì sóhun tó sọnù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ náà ti gbó, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kà á á ní láti ní sùúrù. Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni Ignorance, ọ̀dọ́kùnrin tó ń rìn lẹ́yìn wọn, tó kọjá odò wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́, tó dé ẹnu gẹ́ẹ̀tì ọ̀run, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá, kò ní, wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀ wọ́n jù ú sí ihò ọ̀run àpáàdì. Ibẹ̀ ni apá kìíní parí sí gan-an! Páásítọ̀ wa ní ìkìlọ̀ ni, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ̀pá fún arọ jó, ó lè fún ọmọ yẹn ní Hopeful kan ṣoṣo tó máa bá a sọ̀rọ̀ délé.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ rí i dájú pé èyí tẹ́ ẹ dáúnlóòdù ní apá kejì nínú.